Ohùn Tó Ń Ti Ẹ̀yìn Ìjàpá Wá: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Awakọ̀ àti Ẹ́ńjìnnì Àtijọ́

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, ìròyìn kan jáde láti orílẹ̀-èdè Uruguay tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. José Mujica, tó jẹ́ ààrẹ níbẹ̀ nígbà náà, sọ pé Lárúbáwá olówó kan fẹ́ ra ọkọ̀ òun ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Ọkọ̀ ọlọ́lá kọ́ o. Volkswagen Ìjàpá ni, èyí tó jáde ní 1987, tó ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Nígbà tí Mujica kéde ohun ìní rẹ̀ ní 2010, ọkọ̀ yìí ló rí kọ sílẹ̀, iye tí wọ́n sì dá lé e kò tó ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là. Ó ro ọ̀rọ̀ olówó náà síwá sẹ́yìn, kò tà á. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ ló dá owó jọ láti ra ọkọ̀ náà fún òun, bí òun bá tà á, òun ṣẹ̀ wọ́n nìyẹn. Mujica papò dà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ní ẹni ọdún 89.

Wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí yin ìwà ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí àwọn tó ti fi ọwọ́ ara wọn tún ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tò mọ̀ dáadáa. Ọkọ̀ wà tí ènìyàn kàn ń wọ̀, èyí tí ènìyàn ń bá gbé sì wà. Ohun tó fà á tí ọkọ̀ kan fi ń bọ́ sí ìsọ̀rí kejì yìí ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ń wá, Ìjàpá ni yóò sì fi ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe nítorí ẹwà rẹ̀. Nítorí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í jẹ́ kí awakọ̀ fi ọkàn sí ibòmíràn ni.

Ọkọ̀ náà lórúkọ káàkiri ayé. Àwọn ará Jámánì ń pè é ní Käfer, èyí tó túmọ̀ sí kòkòrò oníyẹ̀ẹ́ líle. Àwọn tó ń sọ èdè Faransé, títí kan àwọn ará Kùtọnu àti Lomé, ń pè é ní Coccinelle. Ní Brazil, Fusca ni, ọ̀rọ̀ tí ẹnu àwọn ará ibẹ̀ yí padà láti ara “Volks”. Ní Mexico, Vocho ni. Yorùbá wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣe gbùǹgbù, wọ́n sọ ọ́ ní Ìjàpá, orúkọ náà sì bá a mu ju bí ẹni tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ ti lè rò lọ. Ìjàpá inú àlọ́ kéré, kò lè sáré, síbẹ̀ kò sí ìlú tí kì í dé.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1934 ni Ferdinand Porsche tọwọ́ bọ ìwé pé òun yóò ṣe ọkọ̀ tí mẹ̀kúnnù lè rà. Franz Reimspiess, ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńjínníà tó bá a ṣiṣẹ́, ló ya àwòrán ẹ́ńjìnnì náà. Ogun dé, ó da gbogbo rẹ̀ rú. Lẹ́yìn ogun, ní 1945, ọ̀gá ológun ará Bìrìtìkó kan, Ivan Hirst, ló tún ilé-iṣẹ́ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àlàpà gbé dìde. Láti ìgbà náà lọ, ọkọ̀ yìí kò wẹ̀yìn mọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1972, èyí tó pé 15,007,034 jáde, ó sì gba ipò iwájú lọ́wọ́ Ford Model T. Èyí tó jáde kẹ́yìn jáde ní ìlú Puebla ní Mexico, ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2003. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 21,529,464.

Ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ Volkswagen tó wà lójú ọ̀nà Badagry ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní 1975, ọdún kan náà tí ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ Yorùbá nígbà náà kò lè ṣe kó má mọ ohùn Ìjàpá. Tísà ń lọ sílé ìwé, Ìjàpá ni. Nọ́ọ̀sì ń bọ̀ láti iṣẹ́ òru, Ìjàpá ni. Àlùfáà ń lọ bẹ ìjọ abúlé wò, Ìjàpá náà ni. Ọmọ tó wà nínú ilé á ti mọ̀ pé bàbá ń bọ̀ kí ọkọ̀ tó yọ ní kọ̀rọ̀, á sì ti sá lọ ṣí géètì.

Ohùn yẹn gan-an ló yẹ kí a tẹ̀lé dé orísun rẹ̀.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà. Sílíńdà mẹ́rin ló ní, méjì ní ọ̀tún, méjì ní òsì, gbogbo wọn sùn gbalaja. Àwọn písítìnì ń jù síra wọn lọ́tùn-ún lósì, ìdí nìyẹn tí àwọn ará Jámánì fi ń fi irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ wé abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò. Kò ní rédíétọ̀, kò mọ omi rí. Fáànù kan ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lára, ọ́ìlì lítà méjì àbọ̀ péré ló sì ń bá a ru ìyókù ooru náà. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí fáànù yìí pọ̀ mọ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń fún bàtìrì lágbára. Bí bẹ́líìtì bá já, iná pupa kékeré kan á tàn níwájú awakọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn láyé ìgbà náà, ohun tí iná yẹn ń sọ ni pé bàtìrì kò rí agbára gbà mọ́. Nínú Ìjàpá, ó ń sọ pé atẹ́gùn ti tán. Ẹni tó bá ní kí òun ṣáà dé oríta iwájú kí òun tó dúró, ẹ́ńjìnnì ló ń sun níná yẹn.

Kò sì sí aago tó ń sọ bí ooru ṣe tó. Etí awakọ̀ ni aago, imú rẹ̀ ni aago, àtẹ́lẹsẹ̀ tó fi ń tẹ pẹ́dáàlì epo náà jẹ́ aago.

Àwọn tó jáde kí ọdún 1962 tó wọlé tilẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé wọn kò ní aago epo rárá. Ọkọ̀ á máa lọ jẹ́jẹ́, á kàn ṣàdédé wúkọ́. Awakọ̀ á fi ẹsẹ̀ yí ọwọ́ kékeré kan tó wà nísàlẹ̀, epo bíi lítà márùn-ún tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ táńkì á sì ṣí sílẹ̀ fún un. Ìyẹn tó láti gbé e dé ilé epo. Ṣùgbọ́n bí ó bá ra epo tán tí ó gbàgbé láti yí ọwọ́ náà padà, nígbà mìíràn tí ikọ́ bá tún dé, kò ní sí àṣẹ́kù kankan. Ẹni tó bá rìn láti Ìbàdàn dé Oǹdó nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti bá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jíròrò láti ibẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí bí ó ṣe lè gbàgbé pé ó wà níbẹ̀.

Níbi ọ̀rọ̀ fáàfù ni àjọṣe náà ti wá jinlẹ̀ jù. Fáàfù ni àwọn ìlẹ̀kùn kékeré tí epo àti atẹ́gùn ń gbà wọ inú sílíńdà, tí èéfín sì ń gbà jáde. Àlàfo kan gbọ́dọ̀ wà láàárín fáàfù àti apá irin tó ń tì í. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, àlàfo náà jẹ́ mílímítà 0.15. Takàdá ìkọ̀wé méjì tí a tò léra nípọn jù ú lọ. Ní gbogbo nǹkan bí 5,000 kìlómítà ni ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ́ńjìnnì sì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá nígbà náà, nítorí náà àárọ̀ kùtù ni iṣẹ́ ọ̀hún, kí ẹnikẹ́ni tó fi kọ́kọ́rọ́ sí ọkọ̀. Bí àlàfo bá fẹ̀ jù, fáàfù á máa pariwo, á máa dún kọ́-kọ́-kọ́ bí ẹni ń kànlẹ̀kùn. Ẹni tí kò mọ̀ á bẹ̀rù. Ẹni tó mọ̀ kò ní bẹ̀rù púpọ̀, nítorí fáàfù tó ń pariwo ṣì ń rí àyè tutù. Èyí tó yẹ kí ènìyàn bẹ̀rù ni èyí tó dákẹ́.

Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tó ṣáájú 1971, ohun tó ń tu ọ́ìlì lára dúró sójú ọ̀nà atẹ́gùn tó ń lọ sí sílíńdà kẹta, ìyẹn ni sílíńdà náà fi máa ń gbóná ju àwọn mẹ́ta yòókù lọ. Ooru á mú kí fáàfù èéfín rẹ̀ gùn díẹ̀díẹ̀, àlàfo á máa dí, ariwo á máa lọ sílẹ̀. Awakọ̀ aláìmọ̀kan á ní ẹ́ńjìnnì òun ti rọ̀ ṣọ̀mù. Nígbà tí àlàfo bá dí tán, fáàfù kò ní lè padé dáadáa mọ́, kò ní ráyè gbé ooru rẹ̀ sílẹ̀, á jó, orí rẹ̀ á já bọ́ sínú sílíńdà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, Yorùbá ló sọ bẹ́ẹ̀, fáàfù sílíńdà kẹta sì jẹ́rìí sí i. Nítorí náà ni mẹkáníìkì tó gbọ́n fi ń gbé irin gígùn lé ara ẹ́ńjìnnì, tí á fi etí sí ìdí rẹ̀, tí á sì máa lọ láti sílíńdà kan sí èkejì bí dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn.

Bí ọkọ̀ bá wá pé 40 tàbí 50 ọdún, títún ẹ́ńjìnnì tò á di dandan. Bóòtì àti nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ló so ẹ́ńjìnnì Ìjàpá mọ́ ọkọ̀. Ènìyàn méjì tó ní jáàkì lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí oòrùn tó mú. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gidi tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn sílíńdà á jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dá dúró. Àpótí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi irin fífúyẹ́ tó ní magnesium ṣe á là sí méjì bí awẹ́ obì. Gbogbo ohun tí awakọ̀ ti fi ẹ́ńjìnnì náà ṣe láti ogún ọdún á wá hàn kedere. Ọ́ìlì tí wọn kò pààrọ̀ lásìkò á ti di ẹrẹ̀ dúdú nínú asẹ́, ẹ́ńjìnnì yìí kò sì ní ju asẹ́ wáyà kan lọ láti dáàbò bo ara rẹ̀. Ibi tí ọ̀pá ńlá ti ń yí nínú àpótí á ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á gbé e lọ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tó lè gbẹ́ ẹ kó tọ́, wọ́n á sì fi béárìn tó nípọn díẹ̀ sí i. Fún irú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní 1600, wọ́n á wá písítìnì àti sílíńdà tuntun tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ mílímítà 85.5. Àwọn tó mọ ìtàn á kọ́kọ́ nu ìdí jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n lè ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, kí wọ́n mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì tó bá ọkọ̀ wáyé ṣì ni.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá tún tan án kì í ṣe àkókò eré. Bí ọ̀pá tó ń ti fáàfù bá jẹ́ tuntun, wọ́n á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí ní nǹkan bí ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kí ọ́ìlì lè máa ta sí i lára bí irin ṣe ń mọ irin. Ọ̀pọ̀ onímọ́tò kì í sọ̀rọ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹgbẹ̀rún kìlómítà àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìfarabalẹ̀, kò sí sísá eré, kò sí ẹrù ńlá lórí òkè, kí òrùka ara písítìnì lè bá ògiri sílíńdà mọ́ra.

Ẹni tó bá ti la gbogbo èyí kọjá kì í gbọ́ ẹ́ńjìnnì bí àwọn ẹlòmíràn ti ń gbọ́ ọ mọ́. Àwọn ẹlòmíràn ń gbọ́ ariwo. Òun ti fi ọwọ́ kan ohun kọ̀ọ̀kan tó ń pariwo, ó mọ ojú rẹ̀, ó mọ bó ṣe wúwo tó lọ́wọ́. Bí ohùn tuntun bá jáde lójú ọ̀nà Ìlọrin, ó ti mọ ibi tó ti ń wá kó tó páàkì. Ibí ni àjọṣe náà ti ń wá. Owó kò lè rà á, kíkun ọkọ̀ ní ọ̀dà dídán kò sì lè mú un wá.

Àpẹẹrẹ kan láti Amẹ́ríkà fi hàn bí ó ṣe lè pẹ́ tó. Irv Gordon jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Long Island, ní ìpínlẹ̀ New York. Ní 1966 ni ó ra Volvo P1800 pupa kan. Kò tà á, kò sì gbé e pamọ́ sábẹ́ aṣọ, ó ń wà á ni. Ní 2013, ọkọ̀ náà pé mílíọ̀nù mẹ́ta máìlì, èyí tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ kìlómítà. Nínú gbogbo ìrìn yẹn, lẹ́yìn nǹkan bí 680,000 máìlì ni wọ́n tó tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ láti tún un tò. Kò sí oògùn kan níbẹ̀. Ó ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, ó ń ṣe ohun tí ìwé ọkọ̀ sọ, ó sì ń tẹ́tí. Ó kú ní 2018.

John Muir, ẹ́ńjínníà ará Amẹ́ríkà kan, ti rí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní 1969, ó kọ ìwé kan, How to Keep Your Volkswagen Alive, fún àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lo sípánà, ṣùgbọ́n ó tún rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi etí, imú àti ọwọ́ gba ohun tí ọkọ̀ ń wí. Ìwé náà tà káàkiri, ọ̀pọ̀ ẹni tí kò di nọ́ọ̀tì mú rí ló sì tipasẹ̀ rẹ̀ tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ nínú ọgbà ilé wọn.

Kuba wá gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ tí kò rọrùn. Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ti 1959 àti ìfòfindè òwò tí Amẹ́ríkà gbé lé erékùṣù náà, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tuntun kò wọlé mọ́, ẹ̀yà ara ọkọ̀ kò sì wọlé. Àwọn Chevrolet àti Buick ọdún 1950 síwájú ṣì ń gbé èrò ní Havana títí dòní, almendrón ni wọ́n ń pè wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí iwájú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ́ńjìnnì tó bá wọn wáyé ti lọ. Ẹ́ńjìnnì dísù láti Rọ́ṣíà àtijọ́ tàbí láti Éṣíà ló wà níbẹ̀. Ṣé ọkọ̀ kan náà ṣì ni? Àwọn kan nínú àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ ní Yúróòpù á ní rárá. Ìdájọ́ yẹn yá jù. Awakọ̀ Havana tó fi fáìlì rẹ́ irin fúnra rẹ̀ títí ó fi bá ẹ́ńjìnnì àjèjì mu mọ ẹ́ńjìnnì yẹn ju olówó tó rán ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tó sì gbà á padà pẹ̀lú ìwé owó. Ní erékùṣù kan náà yìí, àwọn ẹlẹ́sìn Lùkùmí, ẹ̀sìn tó ti ilẹ̀ Yorùbá dé ibẹ̀, ṣì ń bọ Ògún onírin, gẹ́gẹ́ bí àwọn awakọ̀ àti alágbẹ̀dẹ ti ń ṣe nílẹ̀ Yorùbá. Kì í ṣe ìrísí irin ni Ògún ń ṣe alákòóso rẹ̀, bí kò ṣe iṣẹ́ tí irin ń ṣe àti ọwọ́ tó ń fi í ṣe é.

Síbẹ̀, ibi tí ènìyàn bá ti ní àǹfààní láti tún ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ tò, kí ó tún un tò. Ìjàpá tí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n sì fi ti Toyota sí i nítorí àtirí ẹ̀yà rà lọ́jà Ládípọ̀ ní Èkó, lè gbé ènìyàn dé ibi tó ń lọ. Kò ní fi ohùn yẹn pe ọmọ jáde láti inú ilé mọ́.

Nílé níbí, ewu tó wà kì í ṣe ti ẹ̀yà ọkọ̀ nìkan. Àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ lórí Ìjàpá ní 1970 síwájú ti ń darúgbó. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń gba fìrídọ̀ọ̀mù lóde òní ń fi ẹ̀rọ kékeré ka àṣìṣe ọkọ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, iṣẹ́ tó dára ni, ọkọ̀ tòkunbọ̀ òde òní kò sì ṣeé tún ṣe láìsí i. Ṣùgbọ́n Ìjàpá àtijọ́ kò ní kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè kà. Ohun tí etí àwọn bàbá wọ̀nyẹn mọ̀ nípa sílíńdà kẹta, a kì í sábà rí i kà nínú ìwé Yorùbá, ó sì yẹ kí ẹnìkan jókòó tì wọ́n pẹ̀lú fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀ kí ó tó pẹ́ jù.

Ẹ̀yin tí Ìjàpá bàbá yín ṣì wà lẹ́yìnkùlé, tí koríko ti hù bò ó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pe àwọn tó ń ra àlòkù irin. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ ta ọ́ìlì díẹ̀ sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sípánà 21 mú nọ́ọ̀tì tó wà lórí jẹnẹrétọ̀, ẹ tẹ bẹ́líìtì mọ́lẹ̀ díẹ̀ kó má yọ̀, kí ẹ sì rọra yí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá bá a yí, kò tíì kú.